Ẹ̀rọ Asunkún Kò Mọ Ojú Olè

Ọ̀jọ́, létí ọ̀sà,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Sùbéérù Àkànní, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ àná. Awakọ̀ lọ́rì tó ń wá ra àgbọn níbí ló mú un wá láti Èbúté Mẹ́ta, ó fi í sínú fìlà rẹ̀ kí òjò má baà bà á jẹ́. Mo kà á fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ló ń rín, ó ń kì ọ́ bí ẹni pé o wà níwájú rẹ̀. Nígbà kejì, mo dé ibì kan, ó ní, "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. Ó dìde, ó lọ ń bomi rin ewébẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí tán.

Kí n tó dé ibẹ̀ yẹn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire. Láti ìhín dé Ìbà, mi ò tíì gbọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe wolé-wolé rí. Mo ti sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́, mo ti sọ fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo ní kí àwọn tó wà ní mọ́sálásí jọ̀ọ́ dúró díẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Wọ́n rò pé ẹnìkan ló kú. Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi ni ìjọba gbà síṣẹ́, ó ti dé Ìṣẹ́yìn, ilé gbogbo ayé ló ń wọ̀ láti wo omi mímu wọn." Wọ́n ṣàdúà fún ọ títí oòrùn fi là. Inú mi dùn sí ọ, Àkànní. Má ṣe jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ mú ọ gbàgbé ìyẹn.

Ohun tí o kọ tí ìyá rẹ ní kí n tún kà nìyí: "Bàbá, bí mo bá ti wọ agbo ilé kan, tí mo wo ojú àwọn ará ibẹ̀, mo ti mọ ẹni tó ń fi ìkòkò rẹ̀ sin ẹ̀fọn. Kò dìgbà tí mo bá pẹ́. Àwọn àgbà pàápàá ń dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ìwé tí mo mọ̀ kò tó èyí tí ìwọ mọ̀. Àwọn sójà ló kọ́ mi ní ABD, ilé ìwé ló kọ́ ìwọ. Ṣùgbọ́n mo ti wọ agbo ilé ẹlòmíì rí pẹ̀lú agbára tí kì í ṣe tèmi, mo ti wo ojú ènìyàn rí, mo sì rò pé mo mọ̀. O wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ ní Èbúté Mẹ́ta nígbà náà, o kò gbọ́ ju pé bàbá rẹ ní ẹ̀rọ kan tó ń wá owó nínú ilẹ̀. Lónìí ni mo máa sọ ìyókù fún ọ. Jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń ro mí bí òjò bá ṣú, ogun Bọ́mà ni mo ti gbé e wá. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ́ àwa mélòó kan láti máa gbé ẹ̀rọ tó ń wá bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì mọ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀pá gígùn ni. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nídìí rẹ̀, wáyà sì ti ibẹ̀ wá sínú àpò bátìrì tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó tún gba ibẹ̀ dé ara ohun méjì tí a fi ń bo etí. Bí àwo náà bá kọjá lórí irin, ohùn tín-ín-rín kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún létí ẹni tó gbé e. Òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa pé, "Bó bá sunkún, ẹ dúró. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó rí i." Mo pa òfin yìí mọ́ ní Bọ́mà, nítorí ikú ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo délé tí kò sí ikú lábẹ́ ilẹ̀ mọ́, mo gbàgbé rẹ̀.

Ó ṣe, òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ láti Ọ̀jọ́ lọ sí Ìbà gbà mí síṣẹ́. Ó ní irú ẹ̀rọ yẹn, ó rà á nínú ẹrù tí ogun ṣẹ́kù. Ó ń fi í wá irin ààlà tí àwọn tó wọn ilẹ̀ ṣáájú rẹ̀ rì sínú igbó. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán Sátidé, òun àtèmi á gbé e lọ sí pápá etí ọ̀sà, níbi tí a ti ń kírun ọdún. Ọjà ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti Àgbádárìgì, ará Ìbà ń kó èso oko wá, owó sì ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn sínú iyanrìn. Owó yẹn ni òyìnbó ń wá. Kò fẹ́ ẹ fún níná. Á nù ún, á fi òwú wé e, á tò ó sínú àpótí bí ẹyin adìyẹ.

Nígbà tó ń padà lọ sí ìlú wọn, ó ní ẹ̀rọ náà wúwo jù fún òun láti gbé wọ ọkọ̀ òkun. Ó fà á lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe di ẹlẹ́rọ nìyẹn. Àwọn ará Ọ̀jọ́ sọ ẹ̀rọ náà ní Asunkún.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Mo rí ọ̀nínì oníhò, mo rí kọ́bọ̀, mo rí tọ́rọ́ tó ti dúdú bí èédú. Mo rí ṣílè fàdákà kan tí orí ọbabìnrin òyìnbó àtijọ́ wà lára rẹ̀, imú ọbabìnrin náà ti parẹ́, ṣùgbọ́n adé rẹ̀ ṣì wà. Bí o bá nu iyanrìn kúrò lára owó tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn mọ́ láti ìgbà tí ẹni tó sọ ọ́ nù ti kú, á ṣe ọ́ bí ẹni pé o bọ olóògbé náà lọ́wọ́. Títí di òní, mi ò mọ eré ìnàjú mìíràn tó dára tó o.

Àṣìṣe mi kò sí nínú wíwá owó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi kòtò.

Mò ń gbẹ́ ilẹ̀ pápá, n kì í sì í dí i. Bí mo bá rí ohun tí mò ń wá, mo ti tẹ̀ síwájú nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Sẹ̀nàmí ń ti etí omi bọ̀ pẹ̀lú àtẹ ẹja tútù lórí. Obìnrin Ègùn ni, opó ni, òun àti Sẹ̀nàmí ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbé yàrá kan nínú agbo ilé Bàbá Sáláwù, ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹja ló ń yan tà, ẹja rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ó ki ẹsẹ̀ bọ kòtò mi, ó ṣubú, ẹja fọ́n ká sínú iyanrìn. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ń ṣa ẹja rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Sùbéérù, ilẹ̀ tí ẹ bá tú, ẹ tún un ṣe. Èèyàn ń gba ibí kọjá."

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, kí n bá a ṣa ẹja. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹni tó ń rìn ló yẹ kó wo iwájú." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó gbé àtẹ rẹ̀ lérí, ó lọ.

Mo mọ̀ pé òun ló jàre, ohun tó sì mú mi bínú sí i nìyẹn. Wo bí ọkàn ènìyàn ti rí, Àkànní: èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo tún dì í sínú. Má ṣe jẹ́ kó bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Bí ẹnìkan ní Ìṣẹ́yìn bá sọ òótọ́ tó dùn ọ́, kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé kan nílé, kí o má sì ṣèbẹ̀wò sílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní kí ẹlòmíì lọ. Ènìyàn kì í fi ojú tó ń ta wo nǹkan kó ríran kedere.

Àṣìṣe kejì ni pé mo jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù mi. Nítorí èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ẹkún ẹ̀rọ, ojú mi ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí mo bá di ojú pọ̀, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá mi orí, wọ́n á mí kanlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Asunkún mọ àṣírí, pé ó lè gbọ́ èrò inú ènìyàn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó ń gbọ́ kò ju irin lọ. Mi ò sọ fún wọn. Ó dùn mọ́ mi kí àgbà dìde fún mi, gan-an bí o ṣe kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyí. Bàbá Sáláwù ní agolo tábà kan tí ó kó owó fàdákà ìyá rẹ̀ sí. Kì í ná an, ogún ni. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀, nídìí àmù, ló rì í mọ́. Lẹ́yìn òjò ọdún náà, ó gbẹ́ ibẹ̀, kò bá nǹkankan. Ariwo ta. Bàbá Sáláwù ránṣẹ́ pè mí:

"Làmídì, gbé Asunkún rẹ wá. Ẹni tó jí i kò tíì kúrò nínú agbo ilé yìí."

Mo gbé e lọ ní ọ̀sán gangan. Agbo ilé kún dẹ́nu. Mo wọ yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, mo rọra ń rìn, mò ń di ojú pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. A jáde sí àgbàlá. Nígbà tí mo dé iwájú ààrò tí Ìyá Sẹ̀nàmí fi ń yan ẹja, ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi, ó ga ju ti ìgbàkígbà lọ. Mo dúró. Gbogbo ènìyàn dúró.

Bàbá Sáláwù ní, "Ṣé ibẹ̀ ni?"

Àkànní, mo mọ èsì tó tọ́. "Irin kan wà níbí, Bàbá. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè, mo rí obìnrin tó bá mi wí ní pápá, mo sì rí ènìyàn tó ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Asunkún kì í parọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti gbá ààrò náà wó. Ẹja ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, wọ́n dà á sínú eruku, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sẹ̀nàmí ń ké, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn títí dé orúnkún. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ojú ọkọ́ àtijọ́ kan tó ti dógùn-ún, àti ìṣó ọkọ̀ ojú omi bí mẹ́fà.

O rò pé wọ́n bẹ̀ ẹ́? Ẹnìkan ní, "Ó ti gbé e kúrò níbẹ̀." Òmíràn ní, "Ègùn ni, wọ́n gbọ́n jù." Bàbá Sáláwù ní kó jáde nínú agbo ilé òun kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Gbogbo èyí, èmi bàbá rẹ wà níbẹ̀, mo mú ọ̀pá dání, mo dákẹ́. Mo ń ká wáyà ẹ̀rọ mi nígbà tí obìnrin náà kọjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Sùbéérù, ẹ mọ̀."

Mo lọ sílé, mo jẹun. Mo jẹun yó.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọ rẹ̀ di ẹrù, wọ́n gba ọ̀nà Okokomáìkò lọ. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ń tún òrùlé Bàbá Sáláwù ṣe, agolo tábà já bọ́ láti àárín igi àjà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ nígbà tí omi ọ̀sà kún wọ yàrá lọ́dún tó ṣáájú, ó sì gbàgbé. Ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó ń wolẹ̀.

"Làmídì, mo ti rí i."

"Níbo, Bàbá?"

"Ní àjà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀." "Obìnrin náà ti lọ. Ọ̀rọ̀ ti tutù. Bí a bá tún un gbé jáde, wọ́n á ní arán ti ń ṣe èmi, wọ́n á ní òpùrọ́ ni ìwọ. Jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé e sínú, oúnjẹ kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo sọ fún ìyá rẹ. Ẹ̀fọ́ ló ń já lọ́wọ́, kò fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ohùn kékeré lẹ fi sọ pé Asunkún kì í parọ́?"

Mo ní, "Rárá."

"Ṣé inú yàrá lẹ ti sọ ọ́?"

"Rárá."

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù." Ó sì ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Mo gba Ìbà kọjá, mo fẹsẹ̀ rìn dé Okokomáìkò. Oko àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ilé kò tó nǹkan. Mo bá Ìyá Sẹ̀nàmí lábẹ́ igi kan, ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún ẹni tó ń dín gààrí, nítorí kò ní ààrò mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

Mo ní, "Ìyá Sẹ̀nàmí, ẹ kú iṣẹ́."

Kò gbójú sókè. "Bàbá Sùbéérù, ẹ gbàgbé ẹ̀rọ yín sílé."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Mo ní, "Wọ́n ti rí agolo náà. Bàbá Sáláwù ló gbé e sí àjà. Mo wá bẹ̀ yín."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n máa rí i. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi, ibòmíì ló ní láti wà." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló wà níbí?"

"Èmi àti ẹ̀yin ni."

"Lọ́jọ́ yẹn, ta ló wà níbẹ̀?"

Mo dojú bolẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́.

Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ lọ bẹ̀ mí níbi tí ẹ ti bà mí jẹ́." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Èmi tí mo fi orúnkún rìn lórí bọ́ǹbù, mo bẹ̀rù ará Ọ̀jọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo gbé Asunkún lọ sí àárín ọjà, mo fi okùn yí ọ̀gangan kan ká, mo ké pè wọ́n. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìyá Sẹ̀nàmí, ó wá, òun àti ọmọ rẹ̀ dúró lókèèrè. Mo rì ṣílè kan sí apá kan, mo rì ìṣó tó dógùn-ún sí apá kejì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá fi ohun ìbotí sí etí ara rẹ̀. Ọlọ́jà kan bọ́ síwájú, olóko kan tẹ̀ lé e, wọ́n tó bí ogún. Mo gbé àwo sórí ṣílè, mo gbé e sórí ìṣó. Mo ń bi wọ́n léèrè: "Èwo lowó?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹkún kan náà ni.

Mo wá gbé ohùn sókè. Mo ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, èmi Làmídì mọ èyí ṣáájú ọjọ́ tí mo wọ agbo ilé Bàbá Sáláwù. Ẹ̀rọ kò parọ́. Èmi ni mo parọ́. Ìyá Sẹ̀nàmí kò mú nǹkankan, agolo ti di rírí, inú àjà ẹni tó ni ín ló wà."

Bàbá Sáláwù dìde níbi tó jókòó sí. "Làmídì, ó tó!"

Mo ní, "Ẹ dákun, Bàbá, kò tíì tó." Mo dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà níbẹ̀, láàárín àtẹ tòmátì àti apẹ̀rẹ̀ àgbọn. Bàbá Sáláwù yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. A rò pé ó bínú lọ ni. Kò pẹ́ tó fi padà wá, ó di agolo náà mú, ó lọ bá Ìyá Sẹ̀nàmí níbi tó dúró, ó ṣí fìlà lórí ewú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, èmi ni mo gbàgbé. Ìwọ ni mo fi ìyà rẹ̀ jẹ."

Obìnrin náà ní, "Mo gbọ́." Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà sí Ọ̀jọ́, kò gbà. Ó ní ibi tí wọ́n ti da ẹja òun sínú eruku, òun kò ní yan ẹja níbẹ̀ mọ́. N kò dá a lẹ́bi. Mo lọ wa amọ̀, mo rù ú lórí lọ sí Okokomáìkò lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì fi ọwọ́ ara mi mọ ààrò tuntun fún un. Ó wá wò ó nígbà tó gbẹ. Ó ní, "Ibí yìí ti sán. Ẹ tún un rẹ́." Mo tún un rẹ́. Ó ní, "Ìhín náà." Mo tún un rẹ́. Kò sọ fún mi rí pé òun ti dárí jì mí, èmi náà kò sì bi í. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àna wá tọrọ Sẹ̀nàmí lọ́dún tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá jókòó sáàárín àwọn tó máa gbà wọ́n lálejò. Mo ní, "Èmi kẹ̀?" Ó ní òun ń fẹ́ ẹnìkan tó lè sọ òtítọ́ lójú èrò. Oyè tí wọ́n fi jẹ mí láyé mi nìyẹn, n kò ní pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ tilé ọba.

Mo ṣì ń gbé ẹ̀rọ náà lọ sí pápá bí mo bá rí bátìrì. Mo ń dí kòtò mi. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e wọlé ẹnikẹ́ni mọ́, ẹni yòówù tó bẹ̀ mí.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Bí o bá rí tanwíjí nínú ìkòkò, tanwíjí lo rí, o kò tíì rí ọ̀lẹ, o kò tíì rí ọ̀bùn. Béèrè ẹni tó ni ín. Béèrè ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ arúgbó tí kò lágbára láti da omi nù ló ni ín, ó lè jẹ́ aládùúgbò ló gbé e síbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Má kọ nǹkankan sínú ìwé ìjọba kí o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú ìkòkò fúnra rẹ. Ojú ènìyàn kì í ṣe ìkòkò.

Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, dì í mú kó tó délẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó délẹ̀, kó o sì gbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o máa wá a lọ́la. Mo sọ èyí nítorí mo mọ adùn rẹ̀.

Àlejò lo jẹ́ ní Ìṣẹ́yìn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í nàka, wo ẹni tí wọ́n ń nàka sí. Bó bá jẹ́ àlejò bíi tìrẹ, tàbí opó, tàbí ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀, rọra. Kò túmọ̀ sí pé kò lè jẹ̀bi. Ó túmọ̀ sí pé ó rọrùn jù láti dá a lẹ́bi.

Má gba adìyẹ lọ́wọ́ ẹni tí o lọ wo ilé rẹ̀. Má gba ẹyin pàápàá. Ìyá rẹ ní kí n sọ pé má gba iṣu náà, ó mọ̀ pé o fẹ́ràn iṣu.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìjọba lè sọ fún ọ pé kí o fọ́ ìkòkò. Kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń dé e han onílé.

Bí o bá sì ṣàṣìṣe, nítorí wàá ṣàṣìṣe, má lọ bẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀ fún ohun tí o ṣe ní gbangba. Ìtìjú ọjà kì í pẹ́ bí ìtìjú tí ènìyàn gbé pamọ́ sínú. Mo ti jẹ méjèèjì, mo mọ èyí tó korò jù.

Mi ò bẹ̀rù fún ọ, Àkànní. Orí rẹ pé, o kì í ṣe ìkà. Ọ̀dọ́ ni ọ́, iṣẹ́ tuntun sì ń pa ènìyàn bí ẹmu. Ìwọ ṣáà máa rántí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o máa bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, tí o máa gba àdúgbò tí o ti ṣiṣẹ́ kọjá bí ẹnikẹ́ni, láìsí ìwé, láìsí kálámù lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Á wò ọ́ fín-ín-fín, á mọ̀ ọ́. Àdúà tí mò ń ṣe fún ọ láti àná kò ju ẹyọ kan lọ: pé kí ìyá náà sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní, "Wọlé, ọmọ mi. Wá mu omi."

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì.